Ta Ló Ń Gbé ní Ömnögovi? Àlàyé Lórí Ìpínlẹ̀ Tó Fẹ̀ Jù Lọ ní Mòǹgólíà

Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ ayé, kí ẹ wo àárín Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Ẹ ó rí orílẹ̀-èdè kan tó gba àyè púpọ̀, síbẹ̀ tí orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mòǹgólíà nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, níbi tó ti bá Ṣáínà pààlà, ni ìpínlẹ̀ Ömnögovi wà. Nínú ìpínlẹ̀ 21 tí Mòǹgólíà ní, òun ló fẹ̀ jù. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 165,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Bí a bá kó ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà pọ̀, láti Èkó títí dé Èkìtì, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, Ömnögovi ṣì máa fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú. Àmọ́ gbogbo èèyàn tó ń gbé orí ilẹ̀ yẹn kò ju nǹkan bí 70,000 lọ. Ká ní wọ́n pín ilẹ̀ náà lọ́gbọọgba, ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́, á gbà ju kìlómítà méjì níbùú-lóròó lọ.

Iye yìí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Àwọn kan gbà pé iyanrìn lásán ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ara Ṣáínà ni. Èyí tó pọ̀ jù rò pé ilẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ kéré tó báyìí, ilẹ̀ tí kò ní olóko ni, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ débẹ̀ ló ni ín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí òun ló ti ṣe àwọn ará ibẹ̀ ní jàǹbá jù. Gbogbo igun Ömnögovi ni ẹnì kan ń lò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ni kò hàn lórí àwòrán ilẹ̀.

Mòǹgólíà wo là ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ààlà kúrò lọ́nà. Ibi méjì ni orúkọ Mòǹgólíà ń jẹ́. Ọ̀kan ni orílẹ̀-èdè Mòǹgólíà tó dá dúró, tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Ulaanbaatar, tí èèyàn inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Èkejì ni Mòǹgólíà ti Inú, agbègbè kan lábẹ́ ìjọba Ṣáínà, tí olú ìlú tirẹ̀ ń jẹ́ Hohhot. Àwọn Mòǹgólù tó ń gbé Mòǹgólíà ti Inú pọ̀ ju àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè Mòǹgólíà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ìyapa náà kò tíì pẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ìdílé ọba Qing tó ń jọba lórí Ṣáínà ń wó lọ ní 1911, àwọn Mòǹgólù apá àríwá kéde pé àwọn ti gba òmìnira. Lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà ràn wọ́n lọ́wọ́ ní 1921, orílẹ̀-èdè náà bọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì. Ọdún 1946 ni Ṣáínà tó gbà pé ó ti dá dúró. Etí gúúsù Ömnögovi ni ààlà tí ìtàn yìí fà gbà kọjá. Èdè kan náà làwọn tó wà lápá ìhín àti ọ̀hún ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà bíi ti Rọ́ṣíà làwọn ti àríwá fi ń kọ ọ́ láti àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn ti gúúsù ń lo lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń kọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ohun mìíràn tún ń ṣini lọ́nà: ìpínlẹ̀ márùn-ún ni orúkọ Gobi, aginjù ńlá tó wà ní gúúsù Mòǹgólíà, wà nínú orúkọ wọn (Govi làwọn ará ibẹ̀ ń pè é). Dornogovi wà ní ìlà-oòrùn, Dundgovi wà láàárín, Govi-Altai wà ní ìwọ̀-oòrùn, Govisümber kéré gan-an, Ömnögovi sì ni ti gúúsù. Ẹni tó bá sọ pé òun lọ sí Gobi kò tíì sọ ibi tó lọ.

Ilẹ̀ tó ga, tó gbẹ, tó tutù

Bí a bá gbọ́ aginjù, iyanrìn àti ooru ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni iyanrìn jẹ́ nínú Gobi. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù, àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí koríko kúkúrú hù sí káàkiri, èyí tí ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ lè má tilẹ̀ kíyè sí, àmọ́ tí ewúrẹ́ kò ní ṣàìrí. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní zag, igi wíwọ́ tí kò ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ jìn nínú ilẹ̀, ó máa ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ó sì máa ń jó dáadáa nínú iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e lágèéjù láyé àtijọ́, tí ìjọba sì ń dáàbò bò ó báyìí.

Iyanrìn tòótọ́ wà níbẹ̀ o. Òkìtì iyanrìn Khongoryn Els gùn ju 100 kìlómítà lọ, àwọn ibì kan sì wà tó ga tó 300 mítà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, tí iyanrìn sì ń yọ̀ wálẹ̀, ó máa ń dún bíi ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú lókèèrè. Àwọn òkè Gurvan Saikhan kò jìnnà síbẹ̀, òkè mẹ́ta tó jẹ́ ìparí ẹ̀ka òkè Altai tó gba ìwọ̀-oòrùn Mòǹgólíà wá. Ní 1993 ni ìjọba sọ agbègbè náà di ọgbà ẹranko àti igbó tí òfin ń ṣọ́, ọgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 27,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Àfonífojì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Yolyn Am. Ó tóóró, òkè gíga sì ṣíji bò ó lọ́tùn-ún lósì, débi pé omi tó bá dì níbẹ̀ nígbà òtútù máa ń wà títí wọ inú oṣù tí oòrùn ń mú. Láyé ìjelòó, ó lè máà yọ́ tán títí ọdún á fi yí po. Ní báyìí, ó sábà máa ń yọ́ tán kí ìgbà ooru tó parí. Igún onírùngbọ̀n, tó ń jẹ mùdùnmúdùn inú egungun, ni wọ́n fi sọ àfonífojì náà lórúkọ.

Kí ló mú kí ibẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀? Òkun jìnnà sí i ní gbogbo ọ̀nà. Kùrukùru tó ń gbé omi bọ̀ láti Òkun Íńdíà ń kọlu àwọn òkè Himalaya, ó sì ń tú omi rẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè náà lápá gúúsù. Tó bá fi máa dé Gobi, kò ku ọ̀rinrin púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ní Dalanzadgad tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, òjò tó ń rọ̀ láàárín ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 130 mìlímítà lọ, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ló sì máa ń rọ̀ jù. Ìlú náà ga ju 1,400 mítà lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ tútù láti Siberia sì máa ń jókòó lé gbogbo ilẹ̀ náà lórí nígbà òtútù. Bẹ́ẹ̀ ni aginjù kan náà ṣe lè gbóná dé ìtòsí 40 dígírì nínú oṣù keje, kó sì tutù dé ọgbọ̀n dígírì sí ìsàlẹ̀ òdo nínú oṣù kìíní.

Odò Ongi ni ẹ fi máa mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Láti àwọn òkè Khangai ní àríwá ló ti ń ṣàn bọ̀. Kò lọ sínú òkun kankan. Adágún Ulaan nínú Ömnögovi ló ń ṣàn sí, àmọ́ láti àwọn ọdún 1990, gbígbẹ ni adágún náà sábà máa ń wà, nítorí òjò tó dín kù àti ìwakùsà wúrà lápá òkè odò.

Gbígbẹ yìí kan náà ló tọ́jú egungun pamọ́ fún ayé. Ní Bayanzag, níbi tí òkúta pupa ti máa ń tàn bí iná nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ni ikọ̀ Roy Chapman Andrews láti Amẹ́ríkà ti rí ìtẹ́ ẹyin dáínósọ̀ ní 1923. Ó tó 70 ọdún kí wọ́n tó mọ dáínósọ̀ tó yé irú ẹyin bẹ́ẹ̀. Ní 1993, ní Ukhaa Tolgod tó wà nínú ìpínlẹ̀ yìí bákan náà, wọ́n rí ọmọ inú ẹyin, wọ́n sì rí i pé ìdílé oviraptor ló ni ín, ẹranko tí wọ́n ti fẹ̀sùn olè ẹyin kàn láti 1924. Egungun wọ̀nyí jẹ́ ohun ìní ìjọba Mòǹgólíà lábẹ́ òfin. Nígbà tí wọ́n gbé egungun dáínósọ̀ kan tó ń jẹ́ Tarbosaurus sí gbàǹjo ní New York ní 2012, Ààrẹ Tsakhiagiin Elbegdorj kò gbà. (Elbegdorj ni orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣáájú, bó ṣe máa ń rí fún gbogbo ọmọ Mòǹgólíà.) Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, egungun náà sì padà sílé ní 2013.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Mòǹgólù Khalkha ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ló ń gbé ní Dalanzadgad, ìlú tó fi ju 500 kìlómítà jìn sí Ulaanbaatar. Àwọn tó kù wà káàkiri nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sum. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni sum tó wà ní Ömnögovi, wọ́n sì tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí bag, èyí tó dà bíi wọ́ọ̀dù. Sum kan ṣoṣo, Khanbogd, fẹ̀ ju 15,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Ní àárín sum kọ̀ọ̀kan ni ìletò kékeré kan wà: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ìjọba, ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àgọ́ darandaran ni ẹ ó máa rí, ọ̀kan níhìn-ín, ìkejì lẹ́yìn òkè tó wà lọ́hùn-ún.

Àwọn kan ń pe darandaran Mòǹgólíà ní alárìnká, bíi pé ibi tí ilẹ̀ bá mọ́ bá wọn ni wọ́n ń sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibùdó ìgbà òtútù tirẹ̀, tó sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ òkè tí yóò dí afẹ́fẹ́ àríwá. Ọgbà ẹran tí wọ́n fi òkúta mọ wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran tó ti le sì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹran lè rí ohun gbígbóná sùn lé. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ nígbà ìrúwé tí ẹran ń bímọ, wọ́n ní ti ìgbà ooru àti ti ìgbà ìwọ́wé. Ibi tí bàbá wọn ń lo ìgbà òtútù náà làwọn ọmọ sábà máa ń lò. Òfin ilẹ̀ ti 2002 sì fún wọn láyè láti gba ìwé lórí ibùdó ìgbà òtútù àti ti ìgbà ìrúwé.

Pápá ìjẹko fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó wáyé ní 1992 lẹ́yìn tí ìjọba kọ́múníìsì kógbá sílé, sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ pápá di ti ara rẹ̀. Ó ní ìdí tó jinlẹ̀. Òjò Gobi kì í rọ̀ káàkiri. Ó lè rọ̀ sí àfonífojì kan, kó fo èyí tó tẹ̀ lé e, kí èkejì sì gbẹ fún ọdún méjì gbáko. Ká ní wọ́n pín pápá ní pẹ́lẹ́ńbẹ́-pẹ́lẹ́ńbẹ́, tí wọ́n sì ta wáyà yí i ká, ẹni tí òjò kò rọ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yẹn ti di òtòṣì nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí koríko bá tán, ìdílé kan lè kó ẹran lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn, nígbà mìíràn nínú sum mìíràn, wọ́n sì ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní otor. Ẹni tó bá gbà wọ́n lálejò lọ́dún yìí lè di àlejò wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Kànga ló ń sọ ibi tí èèyàn lè gbé. Àgùntàn àti ewúrẹ́ kò lè jìnnà sí omi púpọ̀, nítorí náà koríko tó wà níbi tí kò sí kànga kò wúlò fún wọn, bó ti wù kó pọ̀ tó. A máa ń sọ pé ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ní Gobi, àwọn ìdílé tó ń fa omi nínú kànga kan náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n á ṣe máa gbọ́ ara wọn yé, torí kò sí kànga mìíràn nítòsí. Bí ẹ bá rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tí àgọ́ mẹ́ta péré wà lórí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé àgọ́ mẹ́ta ni koríko àti omi ibẹ̀ lè bọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di mẹ́wàá, gbogbo wọn á jọ rí ìyà ni.

Gér ni wọ́n ń pe àgọ́ wọn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ra ni ògiri rẹ̀, wọ́n á wá fi irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ títí ó fi nípọn bíi tìmùtìmù wé e yí ká. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí gúúsù, kúrò lójú afẹ́fẹ́ òtútù. Ẹ̀yìn àgọ́ níwájú ẹni tó ń wọlé ni àyè iyì, ibẹ̀ ni àlejò pàtàkì ń jókòó, ibẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń gbé ohun ìsìn wọn sí. Àlejò tó bá ń bọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Láti òkèèrè ló ti máa ké pé «Nokhoi khor!», ìyẹn ni pé kí ẹ bá mi mú ajá yín. Tíì oníwàrà tí wọ́n fi iyọ̀ sí ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, kí wọ́n tó béèrè ohun tó bá wá.

Ẹ má rò pé ayé kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọdún 2000 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti pín sólà fún 100,000 ìdílé darandaran. Sólà yìí ló ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fóònù wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀kadà da ẹran. Àwọn tó mọ̀wé kọ, mọ̀wé kà ní Mòǹgólíà ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ darandaran ò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, ọmọ á wà ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní àárín sum, tàbí kí ìyá rẹ̀ pa àgọ́ kékeré síbẹ̀ kó lè wà pẹ̀lú rẹ̀, kí bàbá dá wà nídìí ẹran. Aláboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ á wá gbé ní àárín sum títí yóò fi bímọ, torí pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn lè máà tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóru òtútù. Lójú tèmi, ìyapa ẹbí yìí ni owó tó wọ́n jù tí wọ́n ń san lórí gbígbé níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí.

Ràkúnmí, ewúrẹ́, àti ohun tí wọ́n ń pè ní dzud

Oríṣi ẹran márùn-ún làwọn Mòǹgólù ń sìn: ẹṣin, màlúù, ràkúnmí, àgùntàn àti ewúrẹ́. Kò sí ìpínlẹ̀ tí ràkúnmí rẹ̀ pọ̀ tó ti Ömnögovi. Ràkúnmí oníké méjì ni, tí irun rẹ̀ máa ń nípọn gan-an nígbà òtútù, tó sì máa ń já sílẹ̀ nígbà ìrúwé. Ní oṣù kẹta 2016, ràkúnmí 1,108 ló jọ sáré ìje ní Dalanzadgad, èyí tó wọ ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Àwọn olùsìn ràkúnmí dá ìje wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí iye ràkúnmí ti ń dín kù láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gba iṣẹ́ ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ tún nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá ni abo ràkúnmí fi ń lóyún. Nígbà mìíràn, tó bá bímọ tán, ó lè kọ ọmọ náà, kó má jẹ́ kó mu ọmú. Tàbí kí ìyá kú, kí wọ́n máa wá ìyá mìíràn fún ọmọ tó kù. Wọ́n á so ìyá mọ́ ọmọ, ẹnì kan á máa kọrin sí i létí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ẹlòmíràn á máa ta gòjé olórí ẹṣin tàbí kó máa fọn fèrè, wọ́n lè wà lẹ́nu rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ títí ìyá á fi gba ọmọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń sọ pé omijé ń bọ́ lójú ràkúnmí náà. UNESCO fi àṣà yìí sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó nílò ààbò kíákíá ní 2015, nítorí àwọn tó mọ orin náà ti ń dàgbà.

Ewúrẹ́ ló ń mú owó wálé. Irun múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ irun líle rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìyarun yà nígbà ìrúwé, òun ni kaṣimíà tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ní Yúróòpù. Ṣáínà nìkan ló ń pèsè rẹ̀ ju Mòǹgólíà lọ. Nígbà tí wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìjọba ká lẹ́yìn 1990, tí ẹran sì di ti ẹni kọ̀ọ̀kan, iye ẹran ní gbogbo Mòǹgólíà gòkè láti nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dé nǹkan bí mílíọ̀nù 70 ní 2019, ewúrẹ́ ló sì bí sí i jù. Pápá ò sì gùn sí i. Ewúrẹ́ tó bá ń jẹ koríko ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Ibẹ̀ ni dzud, ìyẹn ìgbà òtútù líle tó ń pa ẹran lọ rẹpẹtẹ, ti ń rí wọn mú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣòro fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ láti lóye, torí a máa ń rò pé òtútù ló ń pa ẹran. Ebi ló ń pa wọ́n. Bí ìgbà ooru bá gbẹ, ẹran kò ní sanra tó. Bí òtútù bá wá dé, tí yìnyín bo koríko mọ́lẹ̀, tàbí tó yọ́ díẹ̀ tó sì tún dì gbagidi bí díńgí, ẹsẹ̀ ẹran kò ní lè gbẹ́ ẹ dé koríko. Dzud kan tún wà tí wọ́n ń pè ní dúdú: yìnyín kò wá rárá, kànga sì dì, ẹran kò rí nǹkan mu. Ní ìgbà òtútù 2009 sí 2010, ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló kú ní Mòǹgólíà. Ní 2023 sí 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méje. Ìdílé tó bá pàdánù gbogbo ẹran rẹ̀ kò ní ohun tó máa ṣe ní aginjù mọ́. Wọ́n á ká àgọ́ wọn lọ sí ẹ̀yìn odi Ulaanbaatar, níbi tí àìmọye àgọ́ bẹ́ẹ̀ ti kún orí òkè, tàbí kí wọ́n wá iṣẹ́ lọ síbi ìwakùsà.

Bàbà, wúrà àti èédú

Ohun tó ń jẹ́ kí orúkọ Ömnögovi máa jáde nínú ìwé ìròyìn okòwò wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní Khanbogd, nǹkan bí 80 kìlómítà sí ààlà Ṣáínà, ni ibi ìwakùsà Oyu Tolgoi wà, bàbà àti wúrà ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ìjọba Mòǹgólíà ní ìpín 34 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ awakùsà Rio Tinto ló ní 66 tó kù. Ọdún 2009 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, ọdún 2013 ni ọjà àkọ́kọ́ jáde láti inú kòtò gbangba, nígbà tó sì di oṣù kẹta 2023 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ti abẹ́ ilẹ̀, níbi tí bàbà tó pọ̀ jù wà. Ọ̀kan lára ibi ìwakùsà bàbà tó tóbi jù láyé ni.

Tavan Tolgoi wà ní sum Tsogttsetsii, èédú tí wọ́n fi ń yọ́ irin ló wà níbẹ̀, bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́nà mẹ́fà ó kéré tán. Wọ́n ti ń wa díẹ̀ níbẹ̀ láti 1967, àmọ́ ebi irin ní Ṣáínà ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà ló ń kó èédú náà lọ sí ibodè Gashuunsukhait. Wọ́n tò bẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, awakọ̀ ń sùn nínú ọkọ̀, eruku dúdú ń bà lé koríko tí ẹran máa jẹ. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n ṣí ojú irin tó gùn ju 230 kìlómítà lọ láti Tavan Tolgoi dé ibodè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ kóra jọ nínú òtútù ní Ulaanbaatar láti béèrè ibi tí owó èédú tí wọ́n jí gbé wọlé sí. Ní 2024, èédú tí Mòǹgólíà tà síta ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 80 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì gba àwọn ibodè ìpínlẹ̀ yìí kọjá.

Èrè wà nínú rẹ̀, kò yẹ ká fi pamọ́. Iṣẹ́ wà, ọ̀nà ọlọ́dà wà níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, Dalanzadgad àti Khanbogd ń tóbi sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Ulaanbaatar, wọ́n á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n á sì padà sílé. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru ni darandaran, àwọn ni pápá wọn dín kù.

Ọ̀rọ̀ odò Undai ló ṣe kedere jù. Odò tí omi kì í ṣàn lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lè rò pé ojú ọ̀nà iyanrìn ni. Lábẹ́ iyanrìn náà ni omi tó ń bọ́ kànga àwọn darandaran wà, orísun omi kan tó ń jẹ́ Bor Ovoo sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ibi mímọ́. Kí kòtò ìwakùsà Oyu Tolgoi lè fẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń wà á darí odò náà gba ibòmíràn. Àwọn darandaran Khanbogd gbé ẹjọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ ẹ̀sùn tó ń ṣọ́ ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá ilé iṣẹ́ aládàáni lówó, ní 2012 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2013. Wọn ò pọ̀, wọn ò sì gbé nítòsí ara wọn, ìrìn kí wọ́n tó lè ṣèpàdé nìkan jẹ́ iṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n dúró tì í. Ní 2017, àwọn aṣojú darandaran, ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba sum fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí omi, pápá ìjẹko àti owó gbà-má-bínú.

Àwọn ẹranko ìgbẹ́ ò lè fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní khulan pọ̀ ní gúúsù Gobi ju ibikíbi láyé lọ, ọ̀nà tí òun náà ń gbà wà láàyè kò sì yàtọ̀ sí ti darandaran: ibi tí òjò bá rọ̀ sí ló ń lọ, bó ti wù kó jìnnà tó. Ojú irin tí wọ́n ta wáyà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó láti dá a dúró. Wọ́n kọ́ àwọn ibi àkọjá fún un lábẹ́ àwọn ojú irin tuntun, àwọn onímọ̀ sì ti so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn díẹ̀ nínú wọn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń gba ibẹ̀.

Ẹ̀rí pé èèyàn lè jà kí ilẹ̀ má lọ tán wà ní sum Gurvantes. Àwọn òkè Tost wà níbẹ̀, ilé àmọ̀tẹ́kùn orí yìnyín, ilé iṣẹ́ awakùsà sì ti gba ìwé àṣẹ lórí wọn. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹranko náà fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìjọba fà á, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi sọ Tost di ilẹ̀ ààbò ní 2016. Darandaran ṣì ń da ẹran níbẹ̀, torí pé ààbò náà kò lé wọn kúrò. Ẹni tó bá pàdánù ewúrẹ́ sẹ́nu àmọ̀tẹ́kùn lè gba owó díẹ̀ padà nínú ètò adójútòfò tí àwọn fúnra wọn ń dáwó sí.